Ṣé dandan ni ìrọ̀rí àti bẹ́ẹ̀dì àrà ọ̀tọ̀ fún ọmọ tuntun? Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kó tó náwó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ ìlú àti ìjà ìdílé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa òwe yìí sí, ṣùgbọ́n orí ọmọ gan-an ni òwe náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa ti ṣàkíyèsí pé ọrùn ọmọ tuntun kò lágbára, àti pé bí orí rẹ̀ bá wọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí kò sí ẹni tí yóò bá a tún un ṣe, ewu ń bẹ níbẹ̀. Lóde òní, ọ̀rọ̀ orí ọmọ yìí tún ti gba ọ̀nà mìíràn yọ: kí ni ó yẹ kí ọmọ tuntun máa sùn lé lórí, àti pé ṣé ó yẹ kí òbí ra ohun tí yóò dá a dúró sójú kan bó bá ti sùn?

Kò ṣòro láti mọ ibi tí ìbéèrè yìí ti wá. Láyé àtijọ́, ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn, àdí, ọ̀já àti aṣọ àlòkù tó rọ̀ ni aboyún máa ń kó jọ de ọmọ. Lónìí, ìyá ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká, ní ìlú Àkúrẹ́, kò ní láti dé Ọjà Ọba kí ọjà tó bá a nílé. Bó bá ti ṣí fóònù rẹ̀ nígbà tó wà nínú ìsinmi ìbímọ, àwòrán ẹrù ọmọ ni yóò máa yọ sí i. Ìrọ̀rí kékeré tó ní ihò láàrin wà níbẹ̀, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí orí ọmọ rí rogodo. Tìmùtìmù méjì tí wọ́n so pọ̀, tí wọ́n fi ń há ọmọ sáàrin kó má baà yí, wà níbẹ̀. Ibùsùn rírọ̀ tí etí rẹ̀ ga yíká bí ìtẹ́ ẹyẹ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni èyí tó dagun, tí orí ọmọ yóò ga ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn ẹbí tó wà ní Lọ́ńdọ́nù àti Amẹ́ríkà náà máa ń fi irú wọn ránṣẹ́ sílé. Owó tí wọ́n ń ta wọ́n kì í sì í ṣe owó kékeré.

Ìdáhùn àwọn onímọ̀ ìlera sí ìbéèrè náà kò ní kọ́nu-n-kọ́họ nínú: ọmọ tuntun tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kò nílò ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sórí owó tí a fi ṣòfò nìkan, nítorí pé àwọn kan nínú ohun tí wọ́n ní ó wà fún ààbò ọmọ ti ṣekú pa ọmọ.

Bí ewu náà ṣe ń wáyé

Orí ọmọ tuntun wúwo, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì le. Bí a bá tẹ́ ẹ sórí ohun tó dagun, tí oorun sì gbé e lọ, orí náà lè rọra yọ̀ wá síwájú títí àgbọ̀n rẹ̀ yóò fi kan àyà. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sí ọmọ ọwọ́ kéré, ó sì rọ̀, nítorí náà, ó lè tẹ̀, kó sì dí. Àgbàlagbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣe yóò ta jí, yóò sì gbé orí sókè. Ọmọ oṣù méjì kò lágbára rẹ̀, kò sì lè ké nítorí kò sí èémí tí yóò fi ké.

Ti ìrọ̀rí àti ibùsùn tó rí bí ìtẹ́ ẹyẹ tún yàtọ̀. Bí ọmọ bá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ tó rọ̀, imú rẹ̀ lè wọ inú fóòmù tàbí aṣọ náà. Afẹ́fẹ́ tó ti mí jáde ni yóò tún máa fà símú, títí afẹ́fẹ́ rere yóò fi tán níbẹ̀. Ní ti tìmùtìmù tí wọ́n fi ń há ọmọ láàrin, ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ lè yí dojú bolẹ̀, kí tìmùtìmù náà má sì jẹ́ kó lè yí padà mọ́.

Ohun tí ojú àwọn mìíràn ti rí

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àti àjọ CPSC tó ń rí sí ààbò ọjà níbẹ̀, pawọ́ pọ̀ kìlọ̀ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣe lo àwọn ohun ìdáọmọdúró wọ̀nyí mọ́. Wọ́n ní láàrin ọdún 13, ìròyìn ikú ọmọ 12 tí kò rí èémí mí nínú wọn ló ti dé etígbọ̀ọ́ àwọn. Nígbà tí FDA tún tẹnu mọ́ ìkìlọ̀ náà lọ́dún 2017, àwọn ilé ìtajà ńlá bíi Tesco àti John Lewis ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó wọn kúrò lórí igbá ní oṣù kẹwàá ọdún náà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ilé iṣẹ́ Fisher-Price ní kí àwọn oníbàárà dá ibùsùn onídagun tó ń jẹ́ Rock 'n Play padà, lẹ́yìn tí ìròyìn ikú ọmọ tó lé ní 30 ti jáde. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.7 ni wọ́n ti tà nínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2023, iye ikú tí wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀ ti súnmọ́ 100, àwọn mìíràn nínú wọn sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ náà ti ké sí àwọn ènìyàn láti dá a padà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Boppy náà kó mílíọ̀nù 3.3 ìrọ̀gbọ̀kú ọmọ tuntun kúrò lọ́jà nítorí ikú ọmọ mẹ́jọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni Amẹ́ríkà wá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ibùsùn ọmọ onídagun, tàbí kó tà á mọ́.

Ṣùgbọ́n òfin tó lé ọjà kúrò lórí igbá ní Amẹ́ríkà kò lè lé e kúrò nínú kọ̀ǹténà tòkunbọ̀. Ohun tí wọ́n kọ̀ níbẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, tàbí gẹ́gẹ́ bí ọjà ẹ̀dínwó. Ẹni tó bá sì ń rò pé ohunkóhun tí wọ́n bá ti kọ orúkọ ọmọdé sí lára ti dára tán, kó rántí ọ̀ràn oògùn eyín ọmọ tó ń jẹ́ My Pikin, tó pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà láàrin ìparí ọdún 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009. Orí igbá ni òun náà wà kí aṣírí rẹ̀ tó tú.

Ìbẹ̀rù pé ọmú yóò há ọmọ lọ́fun

Ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ ìyá ra àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ìbẹ̀rù pé bí ọmọ bá sùn fẹ̀yìn lélẹ̀, tó sì pọ ọmú, yóò há a lọ́fun. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ fi máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, tàbí kí wọ́n dà á dojú bolẹ̀. Wọn kò jẹ̀bi, torí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dókítà òyìnbó gan-an ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìyá. Ìwádìí ló yí wọn lọ́kàn padà. Bí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ ló wà nísàlẹ̀. Ọmú tó bá padà wá ní láti gun òkè kó tó lè kó sí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Bí ọmọ bá dojú bolẹ̀, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni yóò wà nísàlẹ̀, yóò sì rọrùn fún ọmú láti dà sínú rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí ọmọ máa sùn fẹ̀yìn lélẹ̀ ní ìparí ọdún 1991, Amẹ́ríkà sì tẹ̀lé e lọ́dún 1994. Nínú àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, ikú òjijì ojú oorun láàrin àwọn ọmọ ọwọ́ dín kù ju ìdajì lọ ní àwọn ilẹ̀ méjèèjì. Kò sí ìrọ̀rí kankan tó ṣe iṣẹ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọmọ nìkan ni wọ́n yí padà, kò sì ná òbí kankan ní kọ́bọ̀.

Ti orí tó pẹlẹbẹ ńkọ́?

Òótọ́ ni pé orí ọmọ tó ń sùn fẹ̀yìn lélẹ̀ lè pẹlẹbẹ díẹ̀ lẹ́yìn. Eegun orí rẹ̀ kò tíì so pọ̀ tán, gẹ́gẹ́ bí àwùjẹ̀ tó ń lù kìkì ṣe ń fi hàn. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ, orí náà máa ń padà sípò bí wọ́n bá ti ń jókòó, tí wọ́n sì ń rá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, FDA kìlọ̀ pé kí òbí má ṣe lo ìrọ̀rí tí wọ́n ní ó ń tún orí ọmọ ṣe, nítorí ó lè dí ọmọ léèémí.

Ohun tó ń tún orí ọmọ ṣe kò jìnnà sí wa. Kí ìyá máa pààrọ̀ ibi tí ọmọ ń kọjú sí bó bá ń tẹ́ ẹ. Bí ọmọ bá lajú sílẹ̀, tí àgbà kan sì ń wò ó, kí wọ́n fi ikùn rẹ̀ lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ọrùn rẹ̀ lè lágbára. Gbígbé ọmọ sápá àti pípọ̀n ọ́n, nígbà tí ọrùn rẹ̀ bá ti le, tún ń gba ẹ̀yìn orí rẹ̀ lọ́wọ́ ilẹ̀. Àǹfààní tí ọ̀já ti ń ṣe fún wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn.

Ibi tó yẹ kí owó náà lọ

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí á wo ilé bákan náà kí á tó ra ẹrù ọmọ. Ìwádìí ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 1,000 tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, 39 ni kò pé oṣù kan láyé, nígbà tí 67 kò pé ọdún kan. Àìpé oṣù, àìrí èémí mí nígbà ìbí àti àkóràn ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ jòjòló. Ibà náà tún ń dúró de àwọn tó bá dàgbà díẹ̀.

Èyí ló jẹ́ kí orúkọ ètò Abíyè nítumọ̀ nígbà tí ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ́dún 2009. Lọ́dún 2010, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́, èyí tó wà ní ìlú Oǹdó sì tẹ̀lé e. Ohun tí ètò náà dojú kọ ni bí aboyún yóò ṣe tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́, kí àìlówó má sì dí i lọ́nà. Òbí tó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ lónìí náà lè ronú bẹ́ẹ̀. Owó ìrọ̀rí olówó ńlá kan lè ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kó san owó ọkọ̀ lọ síbi abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ìyókù sì wà nílẹ̀ de òru ọjọ́ tí ara ọmọ bá gbóná.

Bí ó ṣe yẹ kí ọmọ sùn

Lọ́dún 2022, American Academy of Pediatrics, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tún ìmọ̀ràn wọn gbé jáde. Kò sí èyí tí ìdílé tálákà kò lè ṣe nínú kókó rẹ̀:

Ẹ fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ sùn, lọ́sàn-án àti lóru.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí ohun tó tẹ́jú, tó sì le díẹ̀. Fóòmù tín-ínrín tó le, tí a tẹ́ aṣọ kan ṣoṣo lé lórí, ti tó.

Ẹ má fi ìrọ̀rí, kúbusù tó nípọn, bèbí tàbí tìmùtìmù sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni kí ẹ ta sókè, kí ẹ nà án dáadáa kó má baà balẹ̀ sójú ọmọ.

Kí ọmọ sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kó ní ibùsùn tirẹ̀. Bí ìyá bá mọ̀ pé oorun lè gbé òun lọ níbi tí òun ti ń fún ọmọ lọ́mú lórí bẹ́ẹ̀dì, kó kọ́kọ́ kó ìrọ̀rí àti kúbusù kúrò nítòsí. Sísùn pẹ̀lú ọmọ lórí àga onítìmùtìmù léwu púpọ̀.

Ẹ má wọ aṣọ àwọ̀jù fún un nínú ooru, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nínú ilé. Fífún ọmọ lọ́mú ìyá náà ń dín ewu ikú ojú oorun kù.

Àwọn ọmọ kan wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tàbí tí àìsàn kan ń ṣe lè wà ní ipò mìíràn nílé ìwòsàn, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tóbi ló sì ń jàǹfààní bí ìyá bá gbé wọn sáyà, kí awọ ara kan awọ ara, gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà ìlú Bogotá ní Colombia ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Dókítà tó rí ọmọ náà ló lè sọ irú ìtọ́jú tó yẹ ẹ́. Ẹni tó ń ta ọjà lórí fóònù kò lè sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí kò lè sọ ọ́.

Fún òbí tó ti ra irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tàbí tí wọ́n ti fi ta lọ́rẹ, kò sí ìtìjú nínú kó gbé e kúrò níbi tí ọmọ ń sùn sí. Kó má sì tún gbé e fún aboyún mìíràn. Ohun tí kò dára fún ọmọ tiwa kò lè dára fún ọmọ aládùúgbò.