Bí àwòrán ṣe ń ti Okokomaiko dé ara ògiri gálárì

Bí o bá wọ dánfó ní Okokomaiko tí o rí ẹni tó gbá páìpù omi gbọọrọ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló, ó ṣeé ṣe kí àwòrán wà nínú rẹ̀. Ó ti tú kánfáàsì kúrò lára igi rẹ̀, ó ká a bí ẹní, ó fi pépà wé e, ó wá tì í bọ páìpù kí òjò má bàa bà á. Ojú tí ọ̀dà wà gbọ́dọ̀ wà níta bí wọ́n bá ń ká a. Bó bá wà nínú, ọ̀dà yóò rún jọ, yóò sán, yóò sì bó.

Ìrìn náà jìn. Lẹ́kí àti Erékùṣù ni àwọn gálárì tí orúkọ wọn dún jù l'Ékòó wà: Nike Art Gallery tí Olóyè Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ ní Lẹ́kí, Terra Kulture tó ti wà ní Victoria Island láti 2003. Títí dé Okokomaiko ni wọ́n ya ojú irin Blue Line sí, ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 2023, Máìlì 2 ló dúró sí. Ayàwòrán tó ń gbé Ojo tàbí Ìbà yóò kọ́kọ́ fi dánfó dé Máìlì 2, yóò wọ rélùwéè dé Marina, yóò sì tún wá ọkọ̀ Lẹ́kí.

Ìpàtẹ tí a bá fẹ́ ṣe ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ, nígbà tí iléèwé ti gba ìsinmi tí àwọn ará òkè òkun sì ń wálé, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún la ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá. Afẹ́fẹ́ ló máa ń bá òróró inú rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí yóò fi le. Ojú rẹ̀ lè má lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ mọ́, kí inú rẹ̀ ṣì rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá fi ìkánjú ká a, àmì pépà ni yóò bá lójú ẹni tó yà. Akiríílìkì yá jù ú lọ, torí omi ló ń fà kúrò nínú rẹ̀, àmọ́ nínú òjò oṣù kẹfà, nígbà tí ògiri pàápàá ń làágùn, òun náà ń fẹ́ sùúrù.

Ìwé àdéhùn ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán agbègbè wa má fojú kékeré wò. Gálárì kì í sábà ra àwòrán. Ó ń gbà á, ó ń gbé e kọ́, ó ń pe àwọn tó mọ̀ pé wọ́n lówó wá wò ó; bó bá tà, ó yọ tirẹ̀. Níbi púpọ̀, láàárín 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti gálárì. Ká ní àwòrán kan tà ní ₦400,000, tí gálárì mú 40 nínú ọgọ́rùn-ún. ₦160,000 lọ. Nínú ₦240,000 tó kù ni owó kánfáàsì, ọ̀dà, férémù àti ọkọ̀ ti máa jáde. Ó ń dunni, ṣùgbọ́n owó ilé, iná, ẹ̀ṣọ́ àti àlejò ọjọ́ ìṣíde ni gálárì náà ń fi tirẹ̀ gbé. Èyí tí kò dáa ni kí wọ́n fẹnu lásán ṣe é. Kí ìwé sọ ìdá oníkálukú, ọjọ́ tí owó yóò wọlé lẹ́yìn títà, ẹni tí yóò san férémù, ẹni tí yóò san gbèsè bí òrùlé bá jò sórí iṣẹ́, àti bóyá gálárì lè dín owó fún oníbàárà láìbi ayàwòrán. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i kò gbọ́dọ̀ tún máa ta irú àwòrán náà ní ìdajì owó nínú yàrá rẹ̀ ní Ìbà. Oníbàárà tó bá gbọ́ kò ní ra ti gálárì mọ́.

Nígbà tí wọ́n bá ń gbé e kọ́, wọn kì í mú orí férémù dọ́gba. Àárín àwòrán ni wọ́n ń wọ̀n, nǹkan bí ínǹṣì 57 sí 60 láti ilẹ̀, ibi tí ojú àgbàlagbà tó dúró máa ń bá. Kékeré ni, ńlá ni, àárín gbogbo wọn á wà lórí ìlà kan náà. Èyí tó bá tà, wọ́n á lẹ àmì pupa róbótó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì wà níbẹ̀ títí ìpàtẹ yóò fi parí.

Ẹni tí gálárì kò tíì pè lè gba gbọ̀ngàn ládùúgbò. Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, pàtẹ iṣẹ́ tirẹ̀ l'Ékòó ní 1920, kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àmọ́ gbogbo iṣẹ́ gálárì ti di tìrẹ nìyẹn: ìkésíni, iná, ẹ̀ṣọ́, ìwé ẹ̀rí tí oníbàárà yóò mú lọ. Lọ́jọ́ ìparí, àwọn tó rà á wá gbé tiwọn, ayàwòrán sì ká èyí tó kù, ọ̀dà síta, padà sínú páìpù.