Gítà àtijọ́ láti Jàpáànì: kí ló dé tí àwọn olórin fi ń wá a kiri?

Tí gítà oníná àtijọ́ kan bá wà nílé yín, tàbí nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí eruku ti bò ó, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná. Tẹ́ ẹ bá rí «Made in Japan» níbi tí ọrùn rẹ̀ ti wọ ara, ẹ má tíì tà á fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn olórin Amẹ́ríkà àti Faransé ń fi owó gidi wá báyìí.

Gbogbo wa la mọ Yamaha, alùpùpù ni. Ẹ wo àmì ara rẹ̀ dáadáa: irin mẹ́ta tó rí bí àmúga, tí wọ́n dábùú ara wọn. Kì í ṣe àmúga oúnjẹ o. Irin tí àwọn olórin máa ń lù kí wọ́n lè mọ ohùn tó tọ́ ni. Orin ni Yamaha fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1887, Torakusu Yamaha tún dùùrù ilé ẹ̀kọ́ kan ṣe ní ìlú Hamamatsu, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiẹ̀. Ọdún 1955 ni ilé iṣẹ́ alùpùpù tó dá dúró. Ẹ rí i pé ọwọ́ àwọn èèyàn yìí ti mọ́ ohun èlò orin tipẹ́.

Gítà oníná wá gbòde níbẹ̀ gan-an lẹ́yìn 1965, nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà kan, The Ventures, wá ṣeré. Gbogbo ọ̀dọ́ fẹ́ ta gítà. Ilé iṣẹ́ Teisco, tó ti wà láti 1946, ń ṣe wọn jáde ní wàrà-wàrà: gítà olówó pọ́ọ́kú, tí bọ́tìnnì pọ̀ lára rẹ̀ bí ti rédíò. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ tà ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọlọ́lá ò fẹ́ ẹ, àmọ́ Hound Dog Taylor, olórin blues ní Chicago, fi irú gítà bẹ́ẹ̀ gba orúkọ. Ohùn rẹ̀ le, ó ń han, kò sì jọ ti ẹlòmíì. Inú míkírò rẹ̀ ni àṣírí yẹn wà, ìyẹn òòfà tí wọ́n fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé, tó ń gbọ́ bí okùn ṣe ń gbọ̀n. Ry Cooder, ọ̀gá onígítà kan ní Amẹ́ríkà, tú míkírò Teisco kúrò lára gítà olówó pọ́ọ́kú, ó lọ fi í sára Fender tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n Teisco kọ́ ni wọ́n ń wá jù. Ti ọdún 1970 sí 1987 ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Ní agbègbè Nagano, láàárín òkè, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Matsumoto. Iṣẹ́ igi wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Matsumoku ń ṣe àpótí igi fún ẹ̀rọ ìránṣọ Singer, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń lò, kí ó tó bọ́ sórí gítà. FujiGen dá sílẹ̀ nítòsí rẹ̀ ní 1960. Gítà tí kò lo iná ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Àwọn wọ̀nyí ló ń ṣe gítà fún oríṣiríṣi orúkọ: Ibanez, Greco, Aria. Nítorí náà, orúkọ tẹ́ ẹ rí lórí gítà kì í sábà jẹ́ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Kí ni wọ́n ń gbẹ́? Gibson àti Fender ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń wò kọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwọn àkọ́kọ́ ò dára tó. Níbi tí Gibson ti fi àtè lẹ ọrùn mọ́ ara, vis ni wọ́n fi dè é, contreplaqué sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Àmọ́ ẹ mọ bí ọmọ iṣẹ́ ṣe máa ń rí. Ó ń tú iṣẹ́ ọ̀gá wò, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń tún un ṣe. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn ọ̀gá ti tà: ilé iṣẹ́ CBS ra Fender ní 1965, Gibson bọ́ sọ́wọ́ Norlin ní 1969. Ọ̀pọ̀ onígítà ní ìṣirò owó ló gba ipò iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ò wo èyí tí ọ̀gá ń ṣe lọ́wọ́ mọ́, èyí tí ọ̀gá ṣe ní 1957 tàbí 1962 ló ń wò. Lójú tèmi, ohun tó mú ọmọ iṣẹ́ bá ọ̀gá nìyẹn.

Ní 28 oṣù kẹfà 1977, Norlin pe Elger lẹ́jọ́ ní Philadelphia. Elger ló ń ta Ibanez ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ náà ò ju orí gítà lọ, pé ó jọ ti Gibson jù. Ibanez ti yí orí náà padà kí ẹjọ́ tó dé, wọ́n sì yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn ní 1978. Lónìí, ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń sọ pé gítà Jàpáànì tí àwọn ń tà jẹ́ ọ̀kan nínú «àwọn tí wọ́n torí wọn lọ sílé ẹjọ́», kí owó rẹ̀ lè gòkè. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ibanez nìkan ni ẹjọ́ yẹn kàn.

Láìpẹ́, àwọn ará Jàpáànì ò wo ẹnikẹ́ni kọ mọ́. Ní 1976, Yamaha gbé SG2000 jáde, gítà tó wúwo, tí ohùn rẹ̀ ń pẹ́ lẹ́nu okùn, Carlos Santana sì ń fi í ṣeré káàkiri ayé. Ní 1982, Fender fúnra rẹ̀ lọ bá FujiGen pé kí wọ́n máa ṣe gítà fún òun. Àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn, tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JV, ni àwọn èèyàn ń lé kiri jù báyìí.

Owó ló wá ba nǹkan jẹ́. Àwa tí a rántí oṣù kìn-ín-ní 1994, nígbà tí owó Faransé kan kúrò ní 50 CFA tó di 100, a mọ bí ó ṣe máa ń rí. Ti Jàpáànì yí padà sí òdìkejì ni: owó wọn le jù. Ní 1985, dọ́là kan tó nǹkan bíi 240 yẹ́ẹ̀nì. Nígbà tí 1987 fi ń parí, kò tó 130 mọ́. Gítà wọn wọ́n lójú ẹni tó ń fi dọ́là rà á. Matsumoku ti ilẹ̀kùn ní 1987, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ sì kọjá sí Kòríà.

Ó ku ti yín. Kì í ṣe gbogbo gítà Jàpáànì àtijọ́ ló dára, ẹ̀tàn sì pọ̀ nínú ọjà occasion. Ẹ gbé e sókè bí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe ń gbé pákó wò, ẹ fi ojú kan wo ọrùn rẹ̀ láti orí dé ìsàlẹ̀. Òjò wa àti ọyẹ́ tó ń tẹ̀ lé e máa ń tẹ igi. Bó bá tẹ̀ díẹ̀, irin kan sábà máa ń wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń tọ́ ọ. Bó bá lọ́ bí okùn, ẹ fi í sílẹ̀. Tí bọ́tìnnì rẹ̀ bá ń ké ṣáá-ṣáá, ìyẹn ò le, ẹni tó ń tún rédíò ṣe lè fọ̀ ọ́. Ẹ wo irin wẹ́wẹ́ tó dábùú ọrùn bóyá okùn ti jẹ ẹ́ tán. Tó bá sì jẹ́ tiyín lẹ fẹ́ tà, ẹ má kùn ún ní ọ̀dà tuntun, ẹ má ju vis tàbí míkírò rẹ̀ àtijọ́ nù, àwọn gan-an ni ẹni tó mọ̀ ọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.