Nígbà Tí Ẹran Ẹsẹ̀ Bá Ń Fún Òpó Ẹ̀jẹ̀ Pa Lẹ́yìn Orúnkún

Bí ọ̀dọ́ kan tó ń sáré yí Peckham Rye Park ní London ká bá ní ẹ̀yìn ojúgun ń ro òun gógó, tí àtẹ́lẹsẹ̀ òun sì ń kú tipiri, àmọ́ tí ara tù ú kété tó dúró sinmi, wọ́n á ní pajápajá ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìrora tó bá ń dé ní ìwọ̀n eré kan náà nígbà gbogbo, tó sì ń lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, jọ ti ẹran ara tí ẹ̀jẹ̀ ò tó. Ó yẹ ká mọ bí inú ẹsẹ̀ ṣe rí ká tó pè é ní àárẹ̀.

Òpó ńlá kan ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti itan gba kòtò ẹ̀yìn orúnkún kọjá. Ẹran tá a fi ń gbé gìgísẹ̀ sókè ní orí méjì tó so mọ́ egungun itan lọ́tùn-ún lósì, àárín méjèèjì ló sì yẹ kí òpó náà gbà. Nínú oyún, ìsàlẹ̀ ni orí apá inú ti ń gòkè lọ sí àyè rẹ̀, lásìkò tí òpó náà ṣì ń dàgbà. Bí ìrìn wọn ò bá bára mu, ẹran náà lè ti òpó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó so mọ́ ibi tí kò yẹ; nígbàkigbà tí gìgísẹ̀ bá ti gbéra, yóò máa fún un. Lọ́dún 1879 ni Anderson Stuart, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Edinburgh, rí irú òpó bẹ́ẹ̀ nínú ẹsẹ̀ tí wọ́n gé lára ọkùnrin ẹni ọdún 64. Ọmọ ọdún 12 ni ẹni tí oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Hamming ṣiṣẹ́ abẹ irú àìsàn yìí fún ní Netherlands lọ́dún 1959.

Àwọn kan á ní sìgá, àtọ̀gbẹ àti ọjọ́ orí ló ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Òótọ́ ni, ìdí gan-an nìyẹn tí ojú fi ń fo ọ̀dọ́ tó le koko, pàápàá nítorí pé bó bá jókòó, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lè pé geere. Ẹ̀yìn eré ló yẹ kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì ya àwòrán òpó náà nígbà tí aláìsàn bá na ọmọ ìka ẹsẹ̀ sísàlẹ̀. Àtakò tó wúwo jù ni pé òpó ọ̀pọ̀ ẹni tí ara wọn le náà máa ń fún bí wọ́n bá na ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìsí ìrora kankan. Mo gbà: àwòrán nìkan ò tó láti gbé ẹnikẹ́ni lọ sábẹ́ ọ̀bẹ, àfi kí ìrora bá a mu. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ oníwàdùwàdù nìyẹn ń tako, kì í ṣe àyẹ̀wò. Bí fífún náà bá pẹ́, ara òpó á dápàá, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ tí ì bá kàn gé ẹran tó ń fún un á wá ní láti fi iṣan mìíràn ṣe ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀. Ní Peckham, GP, ìyẹn dókítà ìdílé, ló ń kọ ìwé sí àwọn oníṣẹ́ abẹ òpó ẹ̀jẹ̀, irú àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn St Thomas'. Kí aláìsàn sọ fún un bí òun ṣe ń sáré jìnnà tó kí ìrora tó dé, ìṣẹ́jú mélòó ló fi ń lọ, àti bóyá ẹsẹ̀ náà ń tutù tàbí ó ń funfun.