Ìlù Méjì àti Ìtọ́ka Alápá Kan

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí ní Ìlaròó tàbí ní Ayétòrò, ẹ kò ní ṣàìmọ̀ pé méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń jáde, tí igi orí wọn jọra. Bí èrò bá bo ọ̀kan mọ́ wa lójú, ìró irin ẹsẹ̀ ekejì tó láti sọ ibi tí ijó dé fún wa. Kò sí idán níbẹ̀: ìyá ìlù kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbọ́.

Ìsopọ̀ tí ẹ̀kọ́ kúáńtọ̀mù ń sọ jọ èyí, ṣùgbọ́n kò ní ìyá ìlù. John Bell fi hàn ní 1964 bí a ṣe lè dán an wò. Aspect, Clauser àti Zeilinger, tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ìdánwò náà, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2022.

Ní 2021, ní Boulder ní Amẹ́ríkà àti ní yunifásítì Aalto ní Finland, àwọn onímọ̀ so ìlù méjì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlù ni àwọn fúnra wọn pè é: awọ alumíníọ̀mù tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 50 mìlímítà lọ. Lójú tiwa, ekuru ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ átọ́ọ̀mù, òkè ńlá ni.

Ìsopọ̀ yìí lè má dọ́gba. Láti ara ìlù kìíní, a lè mọ ibi tí ekejì wà àti bí ó ti ń mì, ju bí òfin ì bá ti gbà fún ìlù kejì nìkan lọ. Ṣùgbọ́n kí ekejì sọ ti èkíní, kò ṣeé ṣe. Ní Hannover, ní 2012, a rí irú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tó ṣòfò lápá kan ló fà á. Ní ti ìlù, àwọn onímọ̀ ti kọ ìlànà sílẹ̀ pé bí a bá ṣe ṣètò ooru àti agbára tí ń mi ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe yan apá tí yóò tọ́ka sí ekejì. Ó wúlò fún iṣẹ́ àṣírí, níbi tí ẹnìkan ti fọkàn tán ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò fọkàn tán ti ẹnìkejì.

Ọ̀rọ̀ atukọ̀ ni Schrödinger lò fún un ní 1935. ‘Ìdarí’ ni yóò kọ́kọ́ sí olùkọ́ lẹ́nu, àṣìṣe ni yóò sì fi kọ́ ọmọ, nítorí ọwọ́ atukọ̀ kan àjẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ kankan tí ìlù kan ń rán sí ekejì. Mo yan ‘ìtọ́ka’. Òun náà kò pé: ẹni tí ń wo ìlù kìíní ló ń yan ìbéèrè, yíyàn náà ló sì ń sọ irú ohun tí a ó mọ̀ nípa ekejì. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó gbé méjèèjì, kí ó jọ̀wọ́ fi í ránṣẹ́ sí wa.