Ìlẹ̀kẹ̀ Dígí Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Díye Lé E

Ìlẹ̀kẹ̀ dígí àtijọ́ pọ̀ nínú àpótí ìdílé ní Ayépé àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn tí wọ́n ń kó jáde fún ìgbéyàwó, ìwúyè àti Ojúde Ọba. Àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pè é lórúkọ: bó bá ti jẹ́ búlúù, sẹ̀gi ni, bó bá ti pupa, iyùn ni. Àwọ̀ a máa tanni jẹ. Bí wọ́n ṣe ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ló ń sọ ibi tó ti wá, ojú ihò rẹ̀ ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Nínú ìlẹ̀kẹ̀ dígí, sẹ̀gi tí wọ́n ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ló níyì jù. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń sọ pé dígí òkè òkun ni Ilé-Ifẹ̀ kàn ń yọ́ tún ṣe. Iṣẹ́ tí Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá ṣe ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ láàárín 2010 sí 2012 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n hú ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 níbẹ̀, pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí, èròjà dígí náà kò sì jọ ti Yúróòpù tàbí ti àwọn Lárúbáwá. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn baba wa ń ṣe dígí tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ èyí. Tí a bá gbé ojúlówó sẹ̀gi sílẹ̀, búlúù ni. Tí a bá gbé oríṣi rẹ̀ kan sókè kí oòrùn lè là á kọjá, ó lè yí sí àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Wọ́n fà á gùn nígbà tó ṣì rọ̀ ni, kí wọ́n tó gé e. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ tó bá há sínú rẹ̀ máa ń gùn tẹ̀ lé ihò.

Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n wé dígí rírọ̀ rẹ̀ mọ́ ọ̀pá irin, bíi ti àwọn oníṣẹ́ dígí Màsàgá ní Bídà àti púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ aláràbarà ti Venice, máa ń ní ilà tó yí ihò po. Ti àwọn Krobo ní Gánà, dígí lílọ̀ tí wọ́n dà sínú àwo amọ̀ ni, ojú rẹ̀ sì máa ń rí ṣákaṣàka.

Ìlẹ̀kẹ̀ títẹ̀ ló ń rú àwọn ènìyàn lójú jù. Jablonec ní Bohemia, tó wà ní orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ́kì lónìí, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n á mú ọ̀pá dígí gbóná, wọ́n á fi ẹ̀mú tí a gbẹ́ àpẹẹrẹ sí lẹ́nu tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ irin á sì lu ihò rẹ̀. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń wà níbi tí ẹnu ẹ̀mú ti pàdé, bí wọn kò bá dán an kúrò. Ihò a sì máa fẹ̀ lápá kan ju ìkejì lọ. Láyé ìgbà náà, àwọn oníṣòwò máa ń kó àpẹẹrẹ ohun ọ̀ṣọ́ Áfíríkà lọ síbẹ̀, wọ́n á sì kó àfarawé eyín ẹranko àti òkúta iyebíye tí wọ́n fi dígí ṣe padà wá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n lé àwọn ọmọ Jámánì kúrò ní Jablonec. Ọ̀pọ̀ wọn tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Neugablonz ní Jámánì, nítorí náà àpẹẹrẹ nìkan kò lè sọ ọjọ́ orí ìlẹ̀kẹ̀. Díẹ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ títẹ̀ tó ní àwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ ewé máa ń tàn yòò lábẹ́ iná tí wọ́n fi ń yẹ ayédèrú owó wò, nítorí yùréníọ́mù tó wà nínú wọn.

Ní ti ayédèrú tí wọ́n fi ike ṣe, ó fúyẹ́, kì í sì í tutù lára bíi dígí. A kò gbọ́dọ̀ fi iná dán ìlẹ̀kẹ̀ wò.

Ní ti iye, ìlẹ̀kẹ̀ títẹ̀ kò tó sẹ̀gi, nítorí ó pọ̀ nígboro, ṣùgbọ́n kì í ṣe pàǹtí. Ẹ̀wọ̀n tó pé, tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kò ṣá, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n, máa ń gbówó lórí. Àmì jíjẹ tó wá láti inú lílò lóòótọ́ máa ń pọ̀ létí ihò, níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ ti ń ha ara wọn. Èyí tó ṣú kan náà níbi gbogbo, tí amọ̀ sì kún ihò rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ tà á ló sọ ọ́ di ògbó. Orúkọ ẹni tó ni ẹ̀wọ̀n náà àti ayẹyẹ tó wọ̀ ọ́ sí ń fi kún iye rẹ̀. Kí ẹbí kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó tún un sín. Ní ti èyí tí wọ́n hú nílẹ̀, òfin Nàìjíríà ti 1979 tó dá Àjọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ kò gbà kí a gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ.