IRORẸ́ OJÚ ÀTI SÙÚRÙ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ olùkọ́ ni a ń kọ́, iwájú àwọn ọmọdé ni a ó sì máa dúró lójoojúmọ́. Ojú wa ni wọn yóò kọ́kọ́ rí kí wọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Nítorí náà kò yani lẹ́nu bí irorẹ́ bá ń ba ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn jẹ́.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, a bá ọ̀rẹ́ wa kan nílé ní Àyèká, tí ó fi aṣọ bo ojú. Irorẹ́ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti bí ọdún mẹ́rin. Ó ra ìpara àpòpọ̀ kan lọ́jà, nínú agolo tí kò ní orúkọ lára. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ojú rẹ̀ ń dán, gbogbo ènìyàn sì ń yìn ín. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó dáwọ́ ìpara náà dúró. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ata, irorẹ́ sì padà dé, ó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú wa wádìí ohun tí irorẹ́ jẹ́.

Lábẹ́ awọ ojú ni àwọn àpò kéékèèké wà tí ń sun ọ̀rá. Nígbà tí ènìyàn bá bàlágà, ọ̀rá yìí a pọ̀ sí i. Bí òun àti awọ tí ó ti kú bá dí ihò tí irun ti ń hù, kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé ibẹ̀ a pọ̀, ibẹ̀ a sì wú. Èérí kọ́ ni ó fà á, èpè kọ́ sì ni. Kí a fi ọṣẹ tí kò le fọ ojú lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó tó. Ọṣẹ dúdú tí a fi eérú ṣe lè le jù fún irú ojú bẹ́ẹ̀, ìpara ọlọ́ràá tí ó ki sì lè tún dí ihò náà.

Òògùn tí a lè rà láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà ni benzoyl peroxide. Ó ń pa kòkòrò náà. Ìwọ̀n 2.5, 5 àti 10 nínú 100 ni a ń tà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èyí tí ó le jù ni ó dára jù: 2.5 ń ṣiṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bíi 10, kì í sì í ta ni lára tó o. Kí a fi díẹ̀ ra gbogbo ibi tí irorẹ́ ti máa ń yọ, ní alálẹ́ méjì-méjì ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí a sì ṣọ́ra, nítorí ó ń mú kí aṣọ ṣí. Òmíràn ni adapalene, tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà ní ọdún 2016 pé kí a máa tà láìsí ìwé dókítà. Kí aboyún má ṣe lò ó. Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ni ó gbà kí a tó rí èrè wọn dáadáa. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ sùúrù nù.

Ìpara tí ń mú ojú dán ní ọjọ́ mẹ́ta sábà máa ń ní sítẹ́rọ́ọ̀dù nínú, bíi clobetasol tàbí betamethasone. Ó ń mú kí wíwú náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ohun tí ó fà á; bí a bá lò ó pẹ́, awọ a fẹ́lẹ́, irorẹ́ mìíràn a sì yọ. Òmíràn ní hydroquinone. Ní ọdún 1975, àwọn oníṣègùn ní Gúúsù Áfíríkà kọ̀wé nípa àwọn tí ó lo èyí tí ó lágbára fún ìgbà pípẹ́, tí ojú wọn sì dúdú níbi tí wọ́n ti fẹ́ kí ó pọ́n. Agolo tí kò bá ní nọ́ḿbà NAFDAC àti orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á.

Kí a má sì ṣe fi èékánná tẹ irorẹ́, nítorí lára àwa adúláwọ̀, àpá rẹ̀ máa ń pẹ́ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá jinlẹ̀ tí ó sì ń dun ún, àti ẹni tí ó ti ń lo ìpara sítẹ́rọ́ọ̀dù pẹ́, kí wọn tọ dókítà lọ. Kí ẹni kejì yìí má ṣe dáwọ́ dúró lójijì fúnra rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa ti ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà ní Òkìtìpupa. Ojú rẹ̀ kò tíì dán, ṣùgbọ́n ó ti ṣí aṣọ kúrò lójú. Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.