Àkókò Kì í Purọ́: Bí Ẹ̀rọ Aláìlókùn Ṣe Ń Wọn Ìjìnnà

Nígbà tí òjò bá ṣú, tí mànàmáná sì bù yẹ̀rì, àgbẹ̀ tó wà lóko a máa tẹ́tí sílẹ̀ de àrá. Bí àrá bá sán lójú ẹsẹ̀, ó mọ̀ pé òjò ti dé tòsí. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó sán, ó mọ̀ pé ó ṣì jìnnà. Nǹkan bí 340 mítà ni ìró ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìṣẹ́jú àáyá 3 bá wà láàrin mànàmáná àti àrá, ọ̀nà náà tó nǹkan bí kìlómítà kan. Àgbẹ̀ kò ta okùn wọn ilẹ̀. Àkókò ni ó fi wọn ọ̀nà.

Ọgbọ́n yìí náà ni àwọn ẹ̀rọ aláìlókùn ń lò. Ẹ̀rọ kìíní yóò ránṣẹ́ lórí ìgbì rédíò. Èkejì yóò gbà á, yóò dúró fún ìwọ̀n àkókò tí àwọn méjèèjì mọ̀, yóò sì fèsì. Ẹ̀rọ kìíní yóò yọ àkókò ìdúró náà kúrò nínú gbogbo àkókò tó kọjá, yóò pín ìyókù sí méjì nítorí àlọ àti àbọ̀, yóò sì fi ìyára ìgbì sọ ọ́ di púpọ̀. Ìjìnnà dé nìyẹn.

Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni. Ìgbì rédíò ń sáré bí ìmọ́lẹ̀, nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí aago ẹ̀rọ bá fi ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣì í kà lórí àlọ àti àbọ̀, àṣìṣe 150 mítà ti wọlé.

Kí ni èrè gbogbo làálàá yìí? Ẹ jẹ́ kí á wo kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí kì í kúrò lápò olówó rẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gbà gbọ́ ni pé bí wọ́n bá ti ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́, ó wà nítòsí. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ETH ní Zurich, ní Switzerland, dán irú ọkọ̀ 10 wò láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ 8. Gbogbo wọn ni ó ṣeé tàn jẹ. Ẹ̀rọ kan yóò dúró nítòsí kọ́kọ́rọ́, òmíràn lẹ́bàá ọkọ̀, wọn yóò sì máa gbé ọ̀rọ̀ wọn fún ara wọn. Olówó ọkọ̀ lè máa sùn, kí ọkọ̀ ṣí láìfọ́ gíláàsì.

Ṣùgbọ́n bí olè bá lè sọ ohùn kékeré di ńlá, kò lè mú kí ìgbì sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ọ̀nà tí ó bá fi kún ìrìn náà, àkókò ni ó ń fi kún. Ọkọ̀ tó bá ń ka àkókò yóò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ jìnnà. Ìlànà IEEE 802.15.4z, tó jáde ní ọdún 2020, tún fi àṣírí bo àmì tí àwọn ẹ̀rọ fi ń ka àkókò, kí olè má baà lè fèsì ṣáájú kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ kò bá ní ọgbọ́n yìí lè tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí onírin tí ìgbì kò lè gbà kọjá.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ti irọ́ olè yìí, kò tilẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá kan.